Ìdí Tí Adìẹ Bàbá Rẹ Kò Fi Yé Mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà, a dúpẹ́, ara bàbá rẹ le, inú rẹ̀ nìkan ni kò dùn. Ọlọ́run tó mú wa rí òní kò ní gbàgbé ẹ̀yin náà níbẹ̀.

Mo gba ohùn rẹ tí o fi sínú fóònù. Mo ń dá ọ lóhùn bí o ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n o kò dúró gbọ́ ẹyọ kan, o kàn ń bá tìrẹ lọ, mo wá ní bóyá bí wọ́n ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀ ní ìlú ńlá nìyẹn. Nígbà tí o ní dókítà tí o lọ rí nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ sọ pé Mẹlatónìn kì í wá tó lóru torí pé abẹ́ iná ilé iṣẹ́ bisikíìtì lo máa ń ṣe mọ́jú, mo kọ́kọ́ bínú, mo ní ta lobìnrin yẹn, kí ló ń wá kiri lóru nílé ọlọ́kọ. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló bá mi tún un gbọ́. Ó ní kì í ṣe èèyàn, nǹkan kan ni tí ara máa ń pèsè fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, òun ló ń jẹ́ kí oorun kun èèyàn, ó sì ń bá obìnrin ṣọ́ ẹyin inú rẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Ó ní bí iná bá ń tàn síni lójú ní gbogbo òru, kì í tó mọ́, họ́móònù tó ń darí nǹkan oṣù náà sì lè máa ṣe ségesège.

Ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn wọ̀ mí lára. Mo rántí pé bàbá rẹ máa ń tan gílóòbù sílé adìẹ títí alẹ́ á fi lẹ́ dáadáa. Mo ní ẹ̀yin abìyẹ́ aláìlẹ́nu, ohun tó ń ṣe ọmọ mi ló ń ṣe yín. Mo yọ gílóòbù náà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́, wọn ò yé mọ́. Bàbá rẹ ní káfíńtà tó ń ṣe ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa ló ń jí ẹyin kó, ó sì sọ ọ́ sí i lójú. Káfíńtà kó ayùn rẹ̀, ó lọ. Ààbọ̀ ilẹ̀kùn ló fi sílẹ̀, ewúrẹ́ sì ń bá wa jẹun láti ọjọ́ náà. Dókítà ẹran ọ̀sìn tí bàbá rẹ pè ló tú àṣírí mi. Ó wo ilé adìẹ, ó béèrè ẹni tó yọ iná. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ló ń jí ara adìẹ láti yé, pé ti adìẹ ọ̀tọ̀, ti èèyàn ọ̀tọ̀. Bàbá rẹ wò mí títí, ó ní ìgbà wo ni mo di agbẹ̀bí adìẹ. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ káfíńtà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun á wá parí ilẹ̀kùn.

Mo fẹ́ ra oògùn Mẹlatónìn yẹn ránṣẹ́ sí ọ, nọ́ọ̀sì ní kí n má dán an wò, pé àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí rẹ̀, dókítà rẹ nìkan ló lè sọ bóyá o nílò rẹ̀. Kọ́tìnì ni mo wá fi rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí. Ìró dúdú mi tó nípọn ni mo gé. Fi í bo fèrèsé bí o bá ń sùn lọ́sàn-án, kí o sì bẹ ọ̀gá rẹ kó gbé ọ sí iṣẹ́ ojúmọmọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ìró mìíràn, torí bàbá rẹ ní òun ò ní ẹyin tí òun máa tà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ọmọ dá ọ lágara. Bó bá dé, a ó gbé e jó. Kó tó dé, ìwọ ni mo bí, ìlera rẹ ni mo ń béèrè. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó lé òkùnkùn jìnnà sí ọ. Ní báyìí, mo ní kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, èyí tó tutù, tó dákẹ́, tí wàá fi rí oorun sùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.