Sínníà Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù Kẹrin
Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lánàá: ojú ẹ̀gbọ́n mi. Páànù tó ń jò lókè ibùsùn. Orúnkún mi ọ̀tún, tó ń dún bí ẹni ń rún bisikíìtì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bóyá mo tì í — mo tì í, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde lọ wò ó. Lẹ́yìn náà, ojú ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Dókítà ojú ti sọ fún un pé òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé á ṣì máa ríran lẹ́yìn oṣù Kẹfà. Ẹni tó kọ́ mi ní a-b-d. Ó fi irúgbìn sínníà ránṣẹ́ sí mi, tó gbà lára òdòdó tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ohun tó kọ sára àpòòwé gun orí ara wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè kà á: kí n gbìn ín, tó bá tanná kí n gé e wá, òun fẹ́ rí àwọ̀ rẹ̀.

Mo gbìn ín lónìí. Ogójì kóró, lẹ́bàá ògiri. Mo ka ọgọ́ta ọjọ́. Ó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, bí eku ò bá hú u, bí òjò ò bá gbé e lọ, bí èmi náà ò bá kú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá
Ó ti hù. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Níbo ni mẹ́sàn-án yòókù wà?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mo gbé àpótí jókòó tì wọ́n. Télọ̀ tó wà nílé kejì yọjú lórí ògiri, ó ní ṣé mò ń dúró kí wọ́n pè mí ní Dádì ni. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún
Mo lọ bá obìnrin tó ń ta òdòdó níwájú ilé ìwòsàn. Ó ní tó bá ti kan orúnkún, kí n gé orí rẹ̀ kúrò, kó lè ya ẹ̀ka. Mo dúpẹ́. Mi ò lè ṣe é. Ohun tí mo tọ́ lóṣù kan, kí n wá bẹ́ ẹ lórí? Ó tún máa fi bí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ kó tó tanná. Ṣé ó mọ iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún ẹ̀gbọ́n mi ni?

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje
Ọ̀gá ti ṣe tirẹ̀. (Ìyàwó mi ni Ọ̀gá. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.) Mo lọ gẹrun, mo dé, orí mẹ́rìndínlógún wà nínú ike, sísọ́ọ̀sì ilé ìdáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní òun gbọ́ gbogbo bí mo ṣe ń kùn láti ọjọ́ Ajé. Ó ní mẹ́rìndínlógún ti di tòun, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì jẹ́ tèmi, ká jọ máa wò ó.
Pálọ̀ ni mo ti dá jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ
Mi ò bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án
Mo bá a sọ̀rọ̀. Mi ò rí awò ojú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè. Ìyá rẹ̀ ti ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀pù. Ó ní, Bàbá Kékeré, ṣé ẹ ò ní wá ni? Mo ní òdòdó ò tíì tanná, mi ò lè wá lọ́wọ́ òfo. Ó ní, ẹ ṣáà wá o.
Wákàtí méje nínú ọkọ̀. Orúnkún mi. Tí ìtọ̀ bá tún gbọ̀n mí lọ́nà ńkọ́?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n
Tèmi tanná! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹyọ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan — pupa, pínkì, àwọ̀ ọsàn. Ti Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rudi. Mi ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín nínú. Mo gé gbogbo rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ọ̀la ni mo ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà
Gbogbo wọn rọ lọ́rùn, bí àwọn tó ń sùn nínú ìpàdé. Mi ò lọ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì
Mo mú ọ̀kan lọ fún olódòdó. Ó ní kí wọ́n tó gé sínníà, wọ́n á di igi rẹ̀ mú nísàlẹ̀ òdòdó, wọ́n á mì ín díẹ̀. Tọ́rùn rẹ̀ bá ń mì, kò tíì tó. Tó bá dúró gbagidi, gé e. Ó ní, "Bàbá, ẹ kánjú ni."
Èmi. Èmi tí gbogbo ayé ń sọ pé mo máa ń fa nǹkan gùn.
Àwọn tí mo gé yóò tún yọ, àmọ́ kì í ṣe nínú oṣù yìí. Ti Ọ̀gá nìkan ló kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá
Ti Ọ̀gá ya ẹ̀ka mẹ́rin, márùn-ún. Mo di àkọ́kọ́ mú lówùúrọ̀ yìí, mo mì ín. Gbagidi. Ìkejì, gbagidi. Mo ka méjìlélógún tó ti tó gé. Elésè àlùkò ò tíì là, funfun ṣì ń mì. Mo ní kí n mú un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọ̀ lè pé.

Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ pè. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwọ̀ fún un, mo ṣàlàyé elésè àlùkò. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní:

"Onírònú" — bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé — "òdòdó á tún yọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú ìwọ gan-an ni mo fẹ́ rí."

Mo ní ẹ ṣé, mà. Láti oṣù Kẹrin ni mo ti ń ka ọjọ́ fún òdòdó, kò sọ sí mi lọ́kàn pé ojú tèmi náà wà nínú ohun tó fẹ́ rí.

Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó ní òun ti di báàgì mi láti ọjọ́ Àìkú, awò ojú nìkan lòun ò fi sí i.

Ẹ̀rù ọkọ̀ ṣì ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí jù pé ẹ̀gbọ́n mi máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó máa wo ẹ̀gbẹ́ mi, kó má rí ojú mi. Àwọn tó bá dúró gbagidi ni màá gé lọ́la ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sun inú omi, kí n wá fi ìwé ìròyìn tútù dì wọ́n. Èyí tó bá ń mì, kó dúró de Ọ̀gá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà, ọkọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń bá lọ.