Fáìlì Tí Wọ́n Ní Nọ́ọ̀sì Kan Ló Pa Rẹ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìjókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo kí ìyá mi, mo kí gbogbo agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, àtàgbà àtọmọdé.

Ẹ ti gbọ́ pé èmi àti ọ̀gá mi ní gbólóhùn asọ̀. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má baà lé mi, kí ìwé ìgbélùú mi má baà bá a lọ. Ẹ má bínú, Bàbá. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo kọ lẹ́tà yìí ní gbangba kí gbogbo ẹni tó ń bá yín dá sí ọ̀rọ̀ náà lè mọ ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kánádà níbí, ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà ló wà. Àwa la ń kọ ètò tí gbogbo ètò yòókù gbé ara lé, kánẹ́ẹ̀lì là ń pè é. Apá tèmi ló ń gba ohun tí èèyàn kọ, tó ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, tó sì ń gbé e jáde bó ṣe wà nígbà tí wọ́n bá tún béèrè rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ń lo ètò wa. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ àwọn aláboyún sínú kọ̀ǹpútà, ó tọ́jú rẹ̀, ó relé. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i lọ́jọ́ kejì, ìdajì rẹ̀ ti ṣófo. Wọ́n ní ṣe ló pa á rẹ́ láti fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí wa. A dán an wò títí, fáìlì kankan kò ṣófo. Ọ̀gá mi wá ní kí n fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ kò ní àbùkù, ètò wa kò ní àbùkù, ẹni tó lò ó ló jẹ̀bi. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Ó bi mí pé ẹ̀rí wo ni mo ní. Mo ní n kò tíì ní ìkankan. Ó rẹ́rìn-ín.

Mo pe nọ́ọ̀sì náà. Ó ní òun tọ́jú àkọsílẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá tilẹ̀ lé òun pátápátá, òun kò ní sọ ohun mìíràn. Mo bi í bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe lásìkò náà. Ó ní ó ń lọ́ra gan-an, torí wọ́n ń kó àwòrán inú àwọn aláboyún wọlé lọ́wọ́ kan náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, yìnyín kò dákẹ́. Àwọn tí a jọ ń jẹun ọ̀sán kó abọ́ wọn lọ síbòmíràn. Ní Mápó, ẹni tó ń bá yín jà á ṣì kí yín láàárọ̀. Níbí, ṣe ni wọ́n ń gbójú fò mí. Mo sunkún lórí ẹní ìkírun, lẹ́yìn náà mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo da àwòrán sínú ẹ̀rọ títí àyè fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Síbẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Mo bá ka ètò náà láti òkè délẹ̀, mo sì rí ibi tí iṣẹ́ méjì ti ń pàdé. Ọ̀kan ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sínú fáìlì; èkejì ń kó ohun tí wọ́n ti tọ́jú kúrò lọ́nà kí àyè lè wà. Bí èkejì bá dé kí àkọ́kọ́ tó parí, á rò pé wọ́n ti tọ́jú ọ̀rọ̀ tuntun náà, á sì dà á nù. Àárín àwọn méjèèjì kò tó ìṣẹ́jú akàn, ìdí nìyẹn tí a kò fi rí i. Mo fi tipátipá dá àkọ́kọ́ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Fáìlì ṣófo ní ìdajì. Mo tún dán an wò, ó tún ṣófo.

Mo fi han ọ̀gá mi. Ó wá ní ká tún un ṣe ní jẹ́ẹ́jẹ́, ká má sọ fún ilé ìwòsàn. Mo bi í pé nọ́ọ̀sì ńkọ́. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa, pé bí mo bá sọ ọ́ síta, kí n mọ̀ pé mò ń wá iṣẹ́ mìíràn. Mo kọ ọ́ síbi tí gbogbo àwa tó ń kọ kánẹ́ẹ̀lì káàkiri ayé ti ń ka ọ̀rọ̀ ara wa lórí ẹ̀rọ ayélujára, pẹ̀lú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè fi dán an wò. Àwọn tí n kò mọ̀ rí dán an wò, wọ́n rí ohun tí mo rí. Kò sí bí ọ̀gá mi ṣe máa sẹ́ ẹ mọ́. Ilé iṣẹ́ wa kọ̀wé sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì pe obìnrin náà padà.

Wọ́n ti gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Bóyá wọ́n máa tún ìwé ìgbélùú mi ṣe bí àsìkò rẹ̀ bá parí, n kò mọ̀. Àwọn ará Ìdí Arẹrẹ tó ń sọ fún yín pé ẹni tó wà nílùú onílùú kì í gbó ọ̀gá lẹ́nu, ẹ sọ fún wọn pé mo gbó o lẹ́nu, màá sì tún gbó o. Bí wọ́n bá lé mi, ẹnu ọ̀nà yín ni màá gbé àpótí mi sí, n kò sì ní gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Nọ́ọ̀sì náà pè mí lánàá. Kò lè pẹ́ lórí fóònù. Ó ní obìnrin kan ti ń rọbí, wọ́n sì ń pe òun.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera, kó jẹ́ kí ojú yín ṣì máa ríran láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kí wọn ní Òkè Padre.

Èmi ni Sìdíkátù, ọmọ yín.