Amupilifáyà Méjì, Ọ̀kan Gbọ́dọ̀ Padà

Oriel Trezise, ìyàwó mi, kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ògún ọdún 2018, nínú ilé wa ní ìlú Broken Hill.

Èmi ọkọ rẹ̀, Mervyn John Trezise, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wa kùsà lábẹ́ ilẹ̀ ìlú yìí, ni mo ń sọ ìhágún yìí. Orí mi pé, ẹnu mi sì yá. Agbẹjọ́rò Anthea Sandilands ló ń bá mi kọ ọ́, nítorí n kò mọ̀wé kọjá orúkọ ara mi. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ nínú irú ìwé báyìí. Mo ní kó kọ wọ́n síbẹ̀. Ìhágún ta ni?

Mo fagi lé ìhágún yòówù tí mo bá ti ṣe ṣáájú èyí. Glenys, àkọ́bí mi, ni yóò rí i pé gbogbo rẹ̀ di ṣíṣe.

1. Ilé mi di ti Glenys àti Ross àbúrò rẹ̀, ní dọ́gbadọ́gba. Ross ti ń wo ilé ìdáná bí ẹni tó fẹ́ wó o. Kó jẹ́ kí n kú ná.

2. Ọkọ̀ mi àti irinṣẹ́ káfíńtà mi di ti Ross. Ṣísẹ́lì ńlá tí òun sọ pé ogbó ló jẹ́ kí n sọ nù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà.

3. Biddy, ajá mi, kó lọ bá Stan Vuković, ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná níbi ìwakùsà nígbà ayé wa níbẹ̀. Òun nìkan ni ajá náà kò tíì bù jẹ. Bóyá kò dùn lẹ́nu ni.

4. Àwọn àwo orin, ẹ̀rọ tó ń yí wọn, àti sípíkà méjì tí mo fi igi pupa etí odò kàn, ti Glenys ni gbogbo wọn.

Ó wá ku amupilifáyà, èyí tó ń fún orin lágbára kó tó dé sípíkà. Stan ló ń fi ọwọ́ ṣe wọ́n, onígílóòbù, irú èyí tí gílóòbù inú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ẹyin iná. Àṣà rẹ̀ ni pé méjì ló máa ń gbé wá sílé ènìyàn, kí onílé gbọ́ wọn lórí àga ara rẹ̀, kí òun tó wá gbé ọ̀kan padà. Bí o bá bi í pé èwo ló dára, yóò ní, "Èmi kọ́ ló ń gbé ilé yín."

Oriel fẹ́ kékeré. Agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí obìnrin bá ń kọrin nínú rẹ̀, o ó gbọ́ ìgbà tó ń mí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ ńlá, tó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, tó lè ti sípíkà mi kí fèrè àti ìlù àwọn awakùsà jáde bí wọ́n ṣe ń jáde lójú títì. Kékeré yẹn kò lè tì í. Bí ìlù bá ti wọlé, ohùn rẹ̀ á ya bí aṣọ gbígbó.

Oriel ní, "Pààrọ̀ sípíkà nígbà náà."

Sípíkà tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn. Mo ní, "Tìrẹ yìí, àfi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn."

Ó ní, "Merv, kòtò ìwakùsà ti jẹ etí rẹ. Ohun tí yóò máa pariwo mọ́ ọ nínú ilé lò ń wá. Ṣé èmi ò tó ni?"

Stan wá gbé ọ̀kan, ó bá wa lẹ́nu àríyànjiyàn, ó mu tíì, ó lọ. Ó tún padà wá, ó tún mu tíì. Lẹ́yìn náà ni ọkàn Oriel dá dúró lórí àga rẹ̀. A kò tíì yàn.

Níbi tí a ti ń jẹ sáńwíìṣì lẹ́yìn ìsìnkú, Ross ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí ti Mọ́mì dúró. Ó ti lọ. Ẹ jẹ́ kó borí lẹ́ẹ̀kan péré." Pásítọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí àwọn méjèèjì máa jẹun wọn.

Kí wọ́n kọ èyí síbẹ̀ kó hàn gbangba: ti Oriel kò lágbára tó. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí a fi jọ gbé, kò sí ọjọ́ kan tó ní kí n ṣàánú òun. Ikú kì í dá ẹjọ́. Bí mo bá yan tèmi, mo fi ikú rẹ̀ borí rẹ̀. Bí mo bá yan tirẹ̀, mo ti sọ ọ́ di òkú tí wọ́n ń rẹ̀ lẹ́kún. Ìwà ojo ni méjèèjì, n kò sì ní ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Méjèèjì ṣì wà lórí tábìlì. Mò ń lo tèmi, mo sì ń nu eruku tirẹ̀.

5. Stan ti ní sùúrù tó, mo sì ṣèlérí fún un pé ọ̀kan yóò padà. Ross kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Àánú ti ba etí rẹ̀ jẹ́.

Glenys, láti kékeré rẹ, bí èmi àti ìyá rẹ bá ti ń bá ara wa jiyàn, ẹ̀yìnkùlé lo máa ń gbà lọ, o ó ní o fẹ́ lọ bọ́ adìẹ. Adìẹ ti tán. Jókòó sórí àga ìyá rẹ kí o gbọ́ méjèèjì. Jókòó sórí tèmi kí o tún wọn gbọ́. Má ro tèmi, má ro tirẹ̀. Fi etí ara rẹ yàn, kí o sì gbé èkejì fún Stan. Ọwọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Èmi fúnra mi ni mo kọ orúkọ yìí: Mervyn John Trezise.
Broken Hill, ọjọ́ kọkànlá oṣù Òkúdù, ọdún 2019.

Àwọn tó wà níbẹ̀ tí mo fi kọ ọ́, tí wọn kò sì jogún ohunkóhun:
Anthea Sandilands, agbẹjọ́rò.
Colin Pascoe, tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ọ́fíìsì agbẹjọ́rò náà.