Ẹ Fi Ọwọ́ Ara Yín Kọ Ọ́

Ẹ̀gbọ́n mi Jẹ́láàní,

Gbogbo ilé ní Ifangni ń kí yín o, a kí ìyàwó, a kí àwọn ọmọ. Ìyá wa ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, àmọ́ apá Tàófíìkì àbúrò wa ò tíì jinná. Àdá ni wọ́n fi ṣá a.

Ọkùnrin kan tó ní òun ti ra ilé wa ló kó tọ́ọ̀gì gba ẹnubodè Igolo wọlé. Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi òòlù fọ́ sàréè bàbá wa, wọ́n ti Ìyá lulẹ̀. Èmi tí mi ò kọ́ ju Faransé lọ, mo ti kọ ọ́ sára ògiri bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà: "This house is not for sell." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú yín ló tà á." Ó yọ ìwé jáde, mo sì rí orúkọ yín níbẹ̀, ọwọ́ yín gan-an ló kọ ọ́.

Mi ò bú yín, ẹ jù mí lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlọrin, ẹ wá kọ ọ́ dáadáa sára ògiri bàbá yín, kí ẹ sì fi orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ń padà bọ̀ ní Jímọ̀.

Kí Alláà ṣọ́ yín lọ́nà. Tàófíìkì ń fi apá kejì pọ́n àdá, kò sì sọ ẹni tó ń pọ́n ọn dè.

Àbúrò yín,
Hàsíátù