Ọmọ Tí Wọn Ò Pọ̀n Rí

Mummy mi,

Ẹ kú òjò Kétu. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, òtútù ibí náà ti mọ́ mi lára.

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ tí iṣan wọn ń kú ní abẹ́rẹ́ sí eegun ẹ̀yìn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n di ọmọ mú kó ká kò, kí dókítà lè rí àyè láàárín eegun. Ti àná jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ bíi ti Démiládé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni dókítà fa abẹ́rẹ́ yọ kó tó rí ọ̀nà. Ọmọ náà ò sunkún. Èmi ni mo ń kọ orin tí ẹ máa ń kọ tí ẹ bá pọ̀n Démiládé, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a parí, mo bi ìyá rẹ̀ bóyá ó máa ń pọ̀n ọ́n. Ó ní òun ò pọ̀n ọ́n rí, inú kẹ̀kẹ́ ọmọ ni wọ́n ti ń tì í kiri láti kékeré.

Mummy, ọmọ yẹn ò gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni rí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wọ́.

Ìyá Muideen aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀já yín ló ba ẹ̀yìn Démiládé jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sin ín, tí wọn ò jẹ́ kí ẹ jáde, èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, mo sọ ohun kan náà sí yín.

Ẹ bá mi kí Daddy àti Tósìn. Ẹ kí Ìyá Muideen náà, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí sí wọn létí.

Ọmọ yín,
Adédiwúrà