Ẹ Má Fi Bàbá Gbin Ẹ̀fọ́

Sabon Gari, Kánò.

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ooru, ẹ kú ìtọ́jú Àlàbá. Mo mọ̀ pé ara yín le, torí mo gbàdúrà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí kí n tó bá ẹnikẹ́ni jà, irú àdúrà bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ gbà. Èmi náà wà láàyè. Àlàbá, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, má fo ibì kankan o, kódà ibi tí mo bá ti bú ọ.

Bàbá Adéyanjú onímọ́tò ti jíṣẹ́ yín. Wọ́n ní fóònù yín já sínú ìkòkò aró, ẹ sì ti sá a sóòrùn, ẹ tún bu iyọ̀ sí i. Ẹ má bu iyọ̀ sí i mọ́. Àǹtí Àríkẹ́ ní ìrẹsì ni wọ́n máa ń fún fóònù. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó jẹ́ ìrẹsì tí ẹ ò tíì sè.

Wọ́n tún ní ẹ ti sọ pé aró ò tà mọ́, pé bó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ máa kó gbogbo ìkòkò aró fún Ìyá Bàdírù kí wọ́n fi gbin tẹ̀tẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé ìkòkò kan jáde, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Sátidé.

Ẹ mọ̀ pé ojú mi ti ń ro láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó ro dé Kánò. Àǹtí ò ṣe mí ní nǹkan kan, mò ń bá wọn bu ìrẹsì àti ẹ̀wà fún oníbàárà, mo sì ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ti pe bàbá rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni màá lọ dúró sí. Àǹtí ní ojú mi ń lé oníbàárà. Wọ́n ní kí Salmah ọmọ wọn mú mi lọ wo ìlú àtijọ́, ká má wọ kẹ̀kẹ́, ká fẹsẹ̀ rìn, pé ẹni tó bá rìn dáadáa kì í ráyè banú jẹ́. Kánò ni wọ́n bí Salmah sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń dáhùn, bí ẹni tí mo bu ẹ̀bà fún tó bu tuwo padà fún mi.

A gba àdúgbò Fagge kọjá láàárín ọmọlanke, bàtà mi já, Salmah fi ọ̀rá so ó. Ilé mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Gidan Makama la kọ́kọ́ dé. Ilé alámọ̀ ni, inú rẹ̀ tutù bí inú ìkòkò omi. Àgbàlagbà kan wé láwàní, wọ́n jókòó, okùn yí wọn ká, àkọlé sì wà níwájú wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Mo rò pé ara ló ń ro wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀ sà. Wọn ò dáhùn. Mo ní bóyá wọn ò gbọ́ Yorùbá, mo fi Hausa kí wọn, mo ní ina kwana. Wọn ò dáhùn. Inú bí mi, mo sọ fún Salmah pé kò dáa kí àgbà máa wo ọmọ níran lórí ìkúnlẹ̀. Salmah ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ère ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń jáde mo ṣì tẹ eékún díẹ̀, torí èèyàn tàbí ère, wọ́n jù mí lọ.

Nígbà tí à ń bọ̀ la yà sí Kofar Mata. Imú mi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ní Salmah, ìyá mi wà níbí. Òórùn ẹ̀yìnkùlé wa ni, èyí tí mo máa ń dímú sí tí ẹ bá ń ro aró. Ṣùgbọ́n kòtò ni tiwọn, wọ́n gbẹ́ ẹ sílẹ̀, ọkùnrin ló sì ń pa aṣọ láró. Arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Málàm Habu jókòó ti kòtò kan tó ní ọmọrí. Wọ́n nawọ́ sí i, wọ́n ní baba yana ciki, ya kwana.

Màámi, Hausa tí mo gbọ́ ò ju èyí tí mo fi ń ta ìrẹsì lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn tó. Yana ciki, ó wà nínú rẹ̀. Ya kwana, ó ti sùn mọ́jú. Bàbá wà nínú kòtò láti àná! Mo pariwo ẹ gbà mí, mo ju ọmọrí dànù, mo dojú bolẹ̀, mo ki apá bọ̀ ọ́ dé èjìká, mò ń wá ọwọ́ tí mo máa dì mú. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ dìde, wọ́n ń ké haba, haba! Mò ń sunkún, mò ń ní kí wọ́n wá ràn mí lọ́wọ́ ká fà wọ́n jáde. Mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe bàbá ẹlòmíì ni mò ń wá nínú kòtò yẹn.

Ìgbà tí Salmah fà mí dìde ló sọ Yorùbá. Ó ní kí n dákẹ́, orí mi ti dàrú, aró ni wọ́n ń pè ní baba níbí. Aró lásán. Málàm Habu rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi bọ́. Mo tú gèlè àdìrẹ tí ẹ fún mi, tí mo lọ́ mọ́ ìbàdí, mo fẹ́ fi nu apá, wọ́n sì já a gbà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n pe àwọn yòókù. Wọ́n ní ta ló ṣe é, Salmah ń túmọ̀ fún wa. Mo ní ìyá mi. Wọ́n ní obìnrin? Wọ́n ní ṣé ó ṣì ń ṣe é. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀yin fẹ́ fi àwọn ìkòkò náà gbin ẹ̀fọ́.

Ẹ̀rín tán. Wọ́n ní àwọn ọmọ tiwọn ò fẹ́ ẹ mọ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń wà, síbẹ̀ àwọn kì í jí kí àwọn má ṣí kòtò wò. Wọ́n wá ní mai baba ba maraya ba ne. Salmah túmọ̀ rẹ̀ fún mi jẹ́jẹ́, ó ní ẹni tó ní aró kì í ṣe ọmọ òrukàn. Tàbí ẹni tó ní bàbá. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni, kí n mú èyí tó bá wù mí. Mo mú méjèèjì.

Màámi, ẹ ṣeun. Aró ló rán mi níléèwé débi tí mo dé. Aró ló wo Àlàbá sàn lọ́dún ibà yẹn. Imú ni mò ń dí, mi ò mọ̀ pé bàbá ló ń bọ́ wa lẹ́yìn ilé. Apá mi ṣì dúdú títí di òní, Àǹtí ní kí n máa ki ọ̀rá bọ̀ ọ́ kí n tó bu oúnjẹ. Oníbàárà kan bi mí pé àìsàn wo nìyẹn. Mo ní bàbá mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àdìrẹ méjì rán Bàbá Adéyanjú sí Málàm Habu, wọ́n ní àwọn á gbé e kọ́ síbi tí àlejò á ti máa rí i. Bówó díẹ̀ bá sì wà, bàtà mi ò lè fi ọ̀rá rìn mọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín máa dúdú, kí iwájú yín máa funfun. Ẹ ò ní sin ọmọ.

Ẹ fún Ìyá Bàdírù ní báàfù wa tó ń jò, tẹ̀tẹ̀ á hù níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má fi Bàbá gbin ẹ̀fọ́.

Èmi ọmọ yín,
Mọ́yọ̀ọ̀lá