Ìbéèrè Méjì Tí O Kọ́ Mi

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní ìdúró, jókòó. Bí ó bá bá ọ ní ìjókòó, má dìde, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé àga tó ń yí bírí níbi iṣẹ́ rẹ kò tíì gbé ọ ṣubú? Olúwa kò ní jẹ́ kó gbé ọ ṣubú. Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi orúnkún mi tó ń ṣe bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo ni ín.

Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀ ọ́ wò níbi iṣẹ́ ni orí mi ti ń wú. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò bí ẹ ṣe jókòó sínú yàrá tútù yẹn, tí oníkálukú kọjú sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, síbẹ̀ tí ẹ kò bára yín jà. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ohun tí o fi hàn mí. O ní gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ní irú tirẹ̀, àti pé kí ẹ tó rán an níṣẹ́, ẹ ó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè méjì: irú kí ni ọ́, kí lo sì lè ṣe? O ní bí ẹ bá rán an níṣẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ pupa á yọ, gbogbo iṣẹ́ á sì dúró. O tẹ ìbéèrè náà níṣojú mi, ohun náà sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, kò bínú, kò yínmú. N kò mọ ẹni tó tọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó tọ́ wọn re.

Nígbà tí mo délé, mo rí i pé láti kékeré ni mo ti ń pàṣẹ fún nǹkan láìbi í léèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ewúrẹ́ wa. Mo bi í ní méjèèjì, ó wò mí, ó jẹ etí fìlà mi. Mo kà á sí ìdáhùn. Mo bi aago ara ògiri, kò fọhùn. Ìyá rẹ ní ó ti kú tipẹ́, kí n fi òkú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù tí o rà fún mi láti fi pè ọ́, obìnrin inú rẹ̀ sọ fún mi pé owó tó wà níbẹ̀ kò tó pè. Inú mi dùn gan-an. Ó sọ ohun tí kò lè ṣe láìfi bò. Mo tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Olóòótọ́ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ obìnrin ló fẹ́ dà rú. O mọ̀ pé ọmọkùnrin kan ń fẹ́ ẹ, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹnjiníà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ń ya lẹ́nu àbúrò bàbá yìí bí omi ẹ̀rọ: Ẹnjiníà báyìí, Ẹnjiníà bọ́hùn-ún, Ẹnjiníà yóò kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún àwọn àna rẹ̀. Èmi náà ti ń yan yàrá tí n ó máa sùn, kí n tó rántí ẹ̀kọ́ rẹ. Mo kọjú sí ọmọkùnrin náà, mo bi í gẹ́lẹ́ bí o ṣe kọ́ mi: irú kí ni ọ́, kí lo sì lè ṣe?

Háà! Àbúrò bàbá rẹ̀ fò dìde, ó ní ṣé ọmọ àwọn ni mo ń bú bẹ́ẹ̀ yẹn, ó ní ṣé màlúù ni àwọn mú wá tà ni. Ó ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà. Àbúrò rẹ bú sẹ́kún lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní mo ti lé ọkọ òun lọ. Ìyá rẹ ní kí n kọ̀wé sí ọ kí o wá kó ìbéèrè rẹ lọ. Èmi ń wò yíká, mo ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ pupa yóò ti yọ.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà kò dìde. Ó ní kí àbúrò bàbá òun jọ̀ọ́ jókòó, ìbéèrè gidi ni. Ó ní òun kì í ṣe ẹnjiníà, àbúrò bàbá òun ló fi orúkọ yẹn wé òun lórí. Jẹnẹrétọ̀ ni òun ń tún ṣe. Ó ní òun lè tú u, òun lè tò ó padà, òun lè se oúnjẹ, òun sì lè bẹ̀bẹ̀ kódà bí òun kò jẹ̀bi. Ó ní ṣùgbọ́n pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, kò sí lọ́wọ́ òun o.

Ọmọ mi, ṣé o rí ohun tí ìmọ̀ rẹ yọ wá nínú rẹ̀? À bá ti ní kó kọ́lé, ilé ì bá wó, ìgbéyàwó ì bá dúró. Mo ní mo gbà á. Àbúrò rẹ jáde wá tòun ti omijé lójú, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, àwa la ò bi òun. Ó wá bi mí pé èmi alára ńkọ́, kí ni mo lè ṣe? Ìyá rẹ bá mi dáhùn. Ó ní mo lè pàṣẹ, mo lè sùn, ṣùgbọ́n òun ti wá dákẹ́ lára mi láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, òun kò rí i.

Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó. A nílò owó, ṣùgbọ́n n kò ní rán ọ níṣẹ́ láìbi ọ́. Mo dúró síwájú àwòrán rẹ nínú pálọ̀, mo bi í. Irú: ọmọ. Ohun tó lè ṣe: ó lè fowó ránṣẹ́, ó lè ra fóònù, ó lè ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ láìbínú. Mo wò ó dé ìsàlẹ̀, n kò rí wíwá sílé níbẹ̀. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, ó wà níbẹ̀, òun ló bí ọ, òun mọ ohun tí òun fi sí i. Ó ní a kò tíì pè é ni.

Nítorí náà fi owó náà ránṣẹ́, kí o sì gbọ́ bí mo ṣe ń pè é: wá sílé. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, sọ ọ́ ní gbangba bí obìnrin inú fóònù, a ò ní bínú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ti tẹ́ ibùsùn rẹ.

Ọ̀nà rẹ á là, ọ̀rọ̀ pupa kò ní yọ sí ọ láyé.

Èmi ni bàbá rẹ, tó lè pàṣẹ, tí kò lè dákẹ́.